Kí Ẹ Tó Sanwó, Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Mọ́ Itan

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà, tí ẹ ní massage gun lẹ fẹ́ rà, ìyẹn ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ń lu iṣan ara tó ti le kó lè dẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ tó ń tajà máa ṣe ni pé á tan án, á gbé e sókè kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Á ní spíìdì 30 ló ní. Á tú oríṣiríṣi orí tó wà nínú páálí jáde, èyí tó rí roboto, èyí tó ní ẹnu méjì, èyí tó rí pẹlẹbẹ, á sì búra pé bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tíì kan ara ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí massage gun tí kò lè sáré nínú afẹ́fẹ́. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣan tó ti le ni ẹ tó máa mọ ìyàtọ̀ láàárín olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn sì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí, torí owó kékeré kọ́ là ń ná sórí nǹkan yìí.

Méjèèjì ló wà nílé wa. Olówó gọbọi jẹ́ Theragun Elite tí àbúrò mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti Houston. Èkejì jẹ́ dúdú kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí kò sí orúkọ gidi kan lára rẹ̀, èyí tí mo fi owó ara mi rà l'Ékòó. Nígbà tí Elite jáde ní 2020, 399 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Dúdú yìí kò tó 40 dọ́là bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ sí owó òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń wakọ̀ èrò láti Èkó lọ sí Ìlọrin ń lò wọ́n. Àǹtí wa tó ń ránṣọ ń lò wọ́n. Èmi tí mò ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń lò wọ́n. Ara wa kò rí bákan náà, iṣẹ́ wa kò sì jọra, ìyẹn ló jẹ́ kí n rí ohun tí páálí kì í sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá. Ní 2007, Jason Wersland, dókítà tó ń tọ́jú eegun ẹ̀yìn ní Los Angeles, ní ìjàǹbá alùpùpù. Ara ń ro ó lẹ́yìn ìyẹn, kò sì rí ohun tó lè bá a débi tí ìrora náà wà. Ló bá mú irinṣẹ́ oníná kan, irú èyí tí káfíńtà ń lò, ó tún un ṣe títí ó fi ṣeé fi lu iṣan ara. Ọdún 2016 ni Theragun àkọ́kọ́ jáde fún títà. Ariwo rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ Hyperice gbé Hypervolt jáde ní 2018, èyí tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ dáadáa, láti ìgbà yẹn sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà ti ń ṣe oríṣiríṣi tó jọ wọ́n, tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Mo ń sọ ìtàn yìí torí pé inú irinṣẹ́ ni nǹkan yìí ti jáde. Agbára tí ó fi ń ti nǹkan ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe iná tó ń tàn lára rẹ̀.

Bí ẹ bá tú u, ohun kan náà lẹ máa bá nínú gbogbo wọn. Mọ́tọ̀ kan ń yí. Kíráǹkì kékeré kan wà lórí mọ́tọ̀ náà, tí kò wà ní àárín gbùngbùn; irin kan so ó mọ́ písítìn, bí kíráǹkì bá sì ti ń yí ni písítìn á máa jáde, á máa wọlé. Mẹkáníìkì tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì rí máa dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kíráǹkì bá fi mìlímítà 8 kúrò láàárín, orí ẹ̀rọ á máa rin mìlímítà 16. Bó bá fi mìlímítà 4 kúrò, 8 ló máa rìn. Ara irin ni wọ́n ti gé ìyẹn sí láti ilé-iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí bọ́tìnì tó lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí app tó lè fi kún un.

Ẹni tó bá ti gúnyán rí á yé e. Ọmọ odó tí a gbé sókè dáadáa kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀ ló ń dé ìdí odó. Èyí tí a kàn ń fi gbá ojú iṣu pẹ́pẹ́pẹ́, bó ti wù kó yára tó, òkè lásán ló ń lù. Theragun PRO àti Elite ń rin mìlímítà 16. Theragun Mini ń rin 12, Hypervolt náà sì wà láàyíká 12. Àwọn olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà láàárín 6 sí 10, kódà nígbà tí wọ́n bá kọ 12 sára páálí wọn. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín: ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ wọlé títí yóò fi dúró, ẹ fà á jáde títí yóò fi dúró, kí ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé wọn àárín ibi méjèèjì. Ohun tí rúlà bá sọ lòótọ́.

Ìrìn gígùn yìí ló ń mú owó gòkè. Bí kíráǹkì bá ṣe jìnnà sí àárín tó ni mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó, kí písítìn tó lè ti iṣan tó ń ti í padà. Ara ẹ̀rọ náà á sì fẹ́ máa gbọ̀n, nítorí náà wọ́n ní láti fi irin mìíràn dẹ̀ ẹ́ kí ó má baà máa jì lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Bíárìn tó dáa, mọ́tọ̀ tí kò ní káábọ̀nù tó ń jẹ tán, ike tí kì í sán: gbogbo rẹ̀ owó ni. Nígbà tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó kéré, tó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí wọ́n sì kọ mìlímítà 16 sí i lára, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fi mọ́tọ̀ náà sí.

Spíìdì wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìlù 1200 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì parí sí 3200, wọ́n wá pín in sí ọ̀nà 30. Ìyàtọ̀ láàárín spíìdì kan àti èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ nǹkan bí ìlù 69 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìlù kan ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí itan tó lè mọ ìyàtọ̀ ìyẹn. Theragun PRO, tí wọ́n ń tà ní 599 dọ́là nígbà tó jáde ní 2020, kò kọjá 2400, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1750. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ìlù 40 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wọlé dáadáa. Nọ́ńbà ńlá lórí páálí rọrùn láti tẹ̀. Mọ́tọ̀ alágbára kò rọrùn láti rà.

Ohun tó kàn ni èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: ìwọ̀n agbára tí ẹ lè fi tẹ ẹ̀rọ náà kó tó dúró. Therabody, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Theragun, sọ pé Elite lè gba nǹkan bí kìlò 18 kó tó dúró, PRO kìlò 27, Mini kìlò 9. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í kọ nọ́ńbà yìí rárá, ẹ sì lè mọ ìdí rẹ̀ tí ẹ bá gbé orí ẹ̀rọ náà lé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara, tí ẹ tàn án, tí ẹ rọra ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ẹ sì ń wo ibi tí abẹ́rẹ́ dé nígbà tí ìlù náà bá dákẹ́. Dúdú tiwa, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wálẹ̀, ìlù rẹ̀ á dín, bí mo bá fi agbára kún un díẹ̀ sí i, á dúró pátápátá. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ èmi tí mo mú un ló ń gbọ̀n ju itan lọ. Elite kì í bìkítà. Ó ń lu ìdí iṣan náà bó ṣe ń lù ú ṣáájú kí n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á mí kanlẹ̀, á ní, "Ibẹ̀ yẹn gan-an, má gbé e kúrò."

Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí tòròtù àti búrẹ́ẹ̀kì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì jókòó lórí ìdí tí kò ráyè sinmi. Iṣan ìdí àti itan jẹ́ iṣan ńlá, ọ̀rá àti ẹran tó bo wọ́n mọ́lẹ̀ nípọn. Fún irú ara bẹ́ẹ̀, fún agbábọ́ọ̀lù, fún ẹni tó ń gbé irin ní jíìmù, fún ẹni tó fi ìfọwọ́ra ṣe iṣẹ́ jẹun, mi ò lè sọ pé kí wọ́n ra olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á rà á, wọn ò ní rí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, wọ́n á sì parí èrò sí pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀rọ náà.

Ọ̀rọ̀ àǹtí wa ló yàtọ̀, òun ló sì kọ́ mi pé gígùn ìrìn kò dára fún gbogbo ènìyàn. Èjìká àti ọwọ́ ni tirẹ̀. Ó ti ń tẹ orí mọ́ máṣìn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, láti ẹ̀yìn etí dé èjìká rẹ̀ ti le koko. Ẹran tó wà lórí èjìká obìnrin tó ti dàgbà kò pọ̀, eegun kò jìnnà. Bí mo bá gbé Elite síbẹ̀, kódà ní spíìdì tó kéré jù, ṣe ló máa ń fà sẹ́yìn. "Gbé tìẹ yìí kúrò, ọmọ mi, ó ń já mi láyà. Fún mi ní kékeré dúdú yẹn." Òótọ́ ló sọ. Mìlímítà 8 tí dúdú náà ń rìn tó fún ibẹ̀, ìtẹ̀ tí kò lágbára náà sì ń dáàbò bo eegun rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó lè dá a mú láìsí pé ẹnì kan ń ràn án lọ́wọ́. Elite tó nǹkan bí kìlò kan, ọwọ́ tó ti ń ro ẹni kò yẹ kó máa gbé e sókè. Nígbà tó bá parí, á fi òrí pa èjìká náà, á padà sídìí máṣìn. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀rọ tí kò tó 40 dọ́là ló dára jù fún àǹtí mi, kí n tiẹ̀ wá lówó rẹpẹtẹ lọ́wọ́.

Ẹ wo bátìrì wò dáadáa. Páálí á kọ 2500 mAh gàdàgbà, kò ní kọ fólítì. Láìsí fólítì, nọ́ńbà yẹn kò sọ nǹkan kan. 2500 mAh lórí fólítì 24 jẹ́ wáàtì-wákàtí 60, ìyẹn gbogbo iná tí bátìrì náà lè gbà. 2500 mAh kan náà lórí fólítì 7.4 jẹ́ 18.5 péré. Méjèèjì ń jẹ́ orúkọ kan náà lọ́jà. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó náà ní láti mọ nọ́ńbà yìí, torí bátìrì lithium tí kò kọjá wáàtì-wákàtí 100 ni wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ òfurufú láìtọrọ àṣẹ, inú báàgì ọwọ́ ló sì yẹ kó wà.

Níbí ni olówó pọ́ọ́kú ti ní ọlá tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé síkírù lásán ló dì wọ́n, bátìrì 18650 tó wà nínú páwà báǹkì àti nínú tọ́ọ̀ṣì ló sì wà nínú wọn. Ọmọ tó ń tún fáànù oníbátìrì ṣe ní àdúgbò yín lè tú u, kó pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì máa lò ó lọ. Olówó gọbọi ní wáráǹtì tó dára gan-an, ṣùgbọ́n Houston ni rìsíìtì wa wà. Ta ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀ nítorí síkírù kan? Theragun PRO tó jáde ní 2020 tiẹ̀ ní bátìrì tó ṣeé yọ, méjì ni wọ́n sì fi sínú àpótí rẹ̀, èyí dára fún ẹni tí iná kò dúró sójú kan ní àdúgbò rẹ̀. Elite kò ní irú rẹ̀.

Ariwo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tuntun, olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú, kò pariwo ju bó ṣe yẹ lọ mọ́. Èyí tí kò pariwo rárá ni kí ẹ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó lè jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ara gan-an? Ní 2020, àwọn olùwádìí kan ní Austria fi Hypervolt sí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọkùnrin 16 fún ìṣẹ́jú 5. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní dígírí 5.4, agbára iṣan wọn kò dín, kò sì pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé ó ń tú ara tó ti gan, ó ń jẹ́ kí oríkèé rìn jìnnà díẹ̀ sí i, ó sì ń mú ara fúyẹ́. Kò ń kọ́ agbára. Kò ń wo àrùn sàn. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tó ń rin nǹkan bí mìlímítà 12 ni wọ́n lò, kì í ṣe 16. Bó bá jẹ́ pé ara tó gan lẹ fẹ́ tú, ẹ̀rọ olówó àárín tó ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ ti tó.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò. Ní 2021, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn obìnrin ọmọ ọdún 25 kan tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí lu itan rẹ̀ lẹ́yìn tó gun kẹ̀kẹ́. Iṣan itan rẹ̀ bà jẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ di aláwọ̀ tíì, ó sì di èrò ọsibítù, torí ohun tó ń jáde lára iṣan tó bà jẹ́ lè pa kíndìnrín lára. Ní 2022, àwọn dókítà ròyìn obìnrin ọmọ ọdún 27 kan tí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sínú ọpọlọ ya lẹ́yìn tó ti ń fi ẹ̀rọ yìí sí ọrùn. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe ń rí i tí àwọn èèyàn ń fi í sí ọ̀fun nínú fídíò orí TikTok, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ dé iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Kò gbọ́dọ̀ dé orí eegun ẹ̀yìn, eegun ìhà, tàbí orúnkún. Aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí eegun rẹ̀ kán tí kò tíì jinná, ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tí kò mọ ìrora lára mọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, tó gbóná, tó ń ro ẹni, ẹ̀jẹ̀ tó dì lè wà níbẹ̀; ọsibítù ló kàn, kò sí ẹ̀rọ tó yẹ kó kàn án. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi léraléra torí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní fònikú-fọ̀ladìde: ìrora tó ń mú un nígbà tí àìsàn náà bá dìde kì í ṣe ti iṣan tó gan, ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ lù ú. Ìṣẹ́jú kan sí méjì lórí iṣan kan tó, ẹ máa gbé e kiri, kó má dúró sójú kan.

Olówó gọbọi ló sì nílò ìkíyèsára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dúdú tiwa máa dúró fúnra rẹ̀ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Elite kì í tètè dúró. Ó máa bá mi lọ síbi tí mo bá tì í dé, bí mo bá sì jẹ́ aláìmọ̀kan, á bá mi ṣe iṣẹ́ aláìmọ̀kan náà pẹ̀lú agbára kìlò 18.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó olówó gọbọi tuntun, tí ara rẹ̀ sì nílò rẹ̀, kó wo tòkunbọ̀. Wọ́n wà ní Ìkẹjà, wọ́n wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti London àti Amẹ́ríkà kó ẹrù wálé. Mọ́tọ̀ irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń pẹ́; bátìrì ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ ní kó tàn án lójú yín, kó sì wà ní títàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan yín, ẹ gbọ́ bóyá irin ń gbá irin nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mì orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì; bó bá ń mì púpọ̀, bíárìn ti jẹ. Ẹ wo orúkọ ara rẹ̀ dáadáa, torí àwọn ayédèrú tó gbé ara olówó gọbọi wọ̀ pọ̀, rúlà ni ẹ sì máa fi dá wọn mọ̀: Elite tí kò bá rin mìlímítà 16 kì í ṣe Elite. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ara ṣájà. 100-240V ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, iná ilé wa máa jó o, ẹ yọ owó ṣájà mìíràn kúrò nínú iye tó pè.